Ta Ló Ń Hú Aṣọ-Ilẹ̀?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje oṣù kẹrin

Àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n sùn:

Ẹ̀rọ omi ilé ìdáná tó ń kán tó, tó, tó. Mo dì í títí ọwọ́ fi ń ro mí, ó ṣì ń kán.

Ajá Alájá, aládùúgbò wa. Kí ló ń gbó? Bí kò bá rí nǹkan, kí ló ń gbó?

Ọmọ mi kò tíì pè láti ọjọ́ Ẹtì. Ọkọ̀ ojú omi ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹrù ni wọ́n ń kó. Omi kò ní ẹ̀ka tí èèyàn lè dì mú.

Èékánná ẹsẹ̀ òsì mi tó ń dúdú.

Ihò tí mo rí lábẹ́ igi ẹ̀yìnkùlé lánàá. Ẹnìkan ti hú ewé aṣọ-ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi ewé gbígbẹ bo ojú rẹ̀.

Tíì tí ìyàwó ọmọ mi gbé fún mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó ń rùn bí atalẹ̀. Kì í fi atalẹ̀ sí i.

Àwọn tó ṣáájú, mo lè gbé wọn mì. Méjì tó kẹ́yìn yìí – tí mo bá ti gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn báyìí, oorun á ká ẹní rẹ̀, á lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin

Kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ, bóyá orí mi á balẹ̀.

Ìyá Ọgbà ló sọ ewé náà ní aṣọ-ilẹ̀. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ilé ìwòsàn ló ti ṣiṣẹ́, òun ló ń tọ́jú ọgbà òdòdó wọn títí ó fi fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ yẹn. Abẹ́ igi ńlá ẹ̀yìnkùlé wa, òòrùn kì í dé ibẹ̀. Koríko kọ̀ ọ́, òdòdó kọ̀ ọ́. Ìhòòhò ni ilẹ̀ wà. Tí òjò bá ti ṣú, a ti mọ̀ pé ẹrẹ̀ ń bọ̀ wá kí wa nínú ilé ìdáná.

Ló bá mú ìdì ewé kan wá lọ́jọ́ kan láti abẹ́ àwọn igi tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ó gé gbòǹgbò rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka, ewé kan lórí ìkọ̀ọ̀kan. Kò rì wọ́n jìn, ó kàn tẹ́ wọn sílẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ, ó fi ewé jíjẹrà bò wọ́n, ó fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ṣé ewé yìí náà ni yóò bá òjò jà? Nígbà tó ṣe, ilẹ̀ wọṣọ. Ewé rẹ̀ rí bí ọkàn, ó ń dán, ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí ẹni tó ń sá pamọ́. Ẹrẹ̀ dáwọ́ dúró. Èpò kò rí àyè wọlé. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tutù kódà nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ewúrẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó yí padà. Òdòdó rẹ̀ kò sì sí lókè níbi tí ojú wà o! Abẹ́ ewé ló wà, ó dorí kodò, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ife amọ̀ àtijọ́. Èèrà nìkan ló mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ìyá Ọgbà a máa sọ pé ẹni tó bá fẹ́ rí òdòdó aṣọ-ilẹ̀, àfi kó kúnlẹ̀.

Gbòǹgbò rẹ̀ ń rùn bí atalẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ó kìlọ̀ fún mi pé ojú ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, kì í ṣe ẹnu. Ọkùnrin kan ń sè é mu nítorí inú rírun. Nígbà tí àwọn dókítà yóò fi mọ̀, kíndìnrín rẹ̀ ti ń kú lọ. Kì í pa èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí ikán nínú òpó: òpó á dúró, á kí ọ, á wó.

Èmi nìkan ló sọ fún. Èmi náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí èèyàn kò bá mọ̀, kò lè fi pa ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti mọ̀. Àbí kí ni wọ́n ń hú u ṣe?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin

Kábíyèsí wá ta dráfù. Ọjọ́rú àti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ rẹ̀, òjò kì í dá a dúró. Èmi ló fún un lórúkọ yẹn, nítorí ọmọ dráfù rẹ̀ kì í pẹ́ jọba. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ìjókòó ti ba ìbàdí rẹ̀ jẹ́. Tó bá fẹ́ dìde, gbogbo baba ńlá rẹ̀ ló máa ń pè lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun nìkan ló kù tí mo fọkàn tán.

Mo sọ ti ihò fún un. Ó gbé ọmọ dráfù, kò wo ojú mi, ó ní ajá ni. Mo ní ajá kì í fi ewé bo ihò. Ó ní, "Ajá ayé ìsinsìnyí, ta ló mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn?" Mo rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé kí ni wọ́n tiẹ̀ ń fi gbòǹgbò rẹ̀ ṣe. Mo ní kò sí. Ewé ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Bó ṣe yẹ kí n dáhùn nìyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn. Ohun tó bá gbọ́ níhìn-ín, onígbàjámọ̀ tó wà níwájú ilé rẹ̀ á ti gbọ́ kó tó bọ́ bàtà.

Ó ní, "Ewé lásán, Olómi, lo wá ń tìtorí ẹ̀ wú bí ọ̀pọ̀lọ́ báyìí!" Olómi ló ń pè mí láti ìgbà tí mo ti wà nílé iṣẹ́ omi. Ó jẹ ọmọ dráfù mi mẹ́ta léraléra.

Tíì tún rùn bí atalẹ̀. Ìyàwó ló gbé e wá – ìyàwó ọmọ mi, bí mo ṣe ń pè é nìyẹn. Ó gbé e kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kí ló pa á lẹ́rìn-ín?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin

Ihò tuntun lábẹ́ igi.

Tíì kò rùn lónìí. Èyí gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ẹni tó bá gbọ́n kì í fi sí i lójoojúmọ́. Mo dà á sínú ìkòkò òdòdó ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó rí mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin

Mo pe Alájá síbi ọgbà tó pààlà wa, mo ní kó so ajá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń hú ewé mi. Ó ní, "Ẹ̀yin Bàbá Omi, ajá yìí kò lọ ilé ìwé. Tí ẹ bá rí ajá tó ń hú ewé tó sì ń bo ihò rẹ̀, ẹ mú un wá, màá rà á lọ́wọ́ yín." Ajá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹlẹ́rìí.

Kì í ṣe ajá. Kábíyèsí ló kó mi sí ìtìjú yìí.

Mo rántí: oṣù tó kọjá, Ìyàwó ní bí wọ́n bá lè da sìmẹ́ńtì sí abẹ́ igi, òun á rí ibi sá aṣọ àwọn oníbàárà. Aṣọ ló ń rán ní iyàrá iwájú. Mo ní rárá. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá." Ó tètè gbà. Ẹni tó bá tètè gbà – wò ó dáadáa.

Mo da tíì nù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin

Sálúbàtà ni Kábíyèsí wọ̀ wá. Ẹni tí kì í wọ nǹkan mìíràn ju bàtà aláwọ tó fi wa bọ́ọ̀sì! Ó ní awọ rẹ̀ ló sún kì. Mo ní awọ kì í sún kì lórí ẹsẹ̀. Ó ní kí n máa ta ayò mi.

Tíì rùn burúkú. Ìyàwó gbé ti Kábíyèsí náà wá, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kò fẹnu kàn án, ó ní òun ti mu nǹkan gbígbóná nílé. Àbí òun náà ti fura sí i ni, tí kò kàn fẹ́ sọ?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin

Ihò mìíràn. Mo fọ́n eérú yí igi ká. Ẹni tó bá tún wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sọ orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin

Èèrà ti tú àṣírí mi.

Ìlà wọn gùn láti àtẹ̀gùn títí wọ inú ìkòkò òdòdó ẹnu ọ̀nà, bí ẹni ń lọ sí ọjà. Ṣúgà ni wọ́n ń wá. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka bu iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò, ó gbé e sí imú. Mílíìkì ti kan nínú rẹ̀. Ó wo ìkòkò, ó wo èmi, ó wo ife òfìfo ọwọ́ mi.

Ó ní, "Bàbá, òdòdó náà ti ń mu tíì báyìí?"

Mo ní ife ló yọ̀ bọ́.

Ó ní, "Lójoojúmọ́?"

Ó wọlé. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. N kò jẹun dáadáa. Ó gbé oúnjẹ wá ṣá, ó bo ojú rẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin

Dráfù. Mo fìdí rẹmi. Kábíyèsí ní ojú mi kò sí lórí ọpọ́n. Òótọ́ ni, ojú mi wà lára ife. Atalẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin

Eérú ti sọ̀rọ̀! Ojú ẹsẹ̀ sálúbàtà, àti ojú orúnkún méjì, rogodo rogodo. Ẹni náà kúnlẹ̀ ni. Ìyàwó ń wọ sálúbàtà. Orúnkún Ìyàwó le, ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí àgbà.

N kò tíì mọ bí màá ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ tó fi jáde pẹ̀lú báàgì. Ó ní ìyá òun ń pe òun, òun á lo ọ̀sẹ̀ kan. Ó to agolo tíì, ṣúgà àti mílíìkì sórí tábìlì, kò tíì sí èyí tí wọ́n ṣí nínú wọn. Ó ní, "Bàbá, gbogbo rẹ̀ rèé. Ẹ máa fọwọ́ ara yín sè é, kí ọkàn yín lè balẹ̀."

Kò gbé ohùn sókè. Ìbá gbé e sókè, ì bá sàn fún mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin

Mo sè tíì fúnra mi. Ó jóná. Ó rí bí omi tí wọ́n fi fọ páìpù. Ṣùgbọ́n kò rùn bí atalẹ̀ rárá!

Ó parí. Òun ni. Kí ni màá sọ fún ọmọ mi nígbà tó bá ti orí omi dé?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹrin

Kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní ilé iṣẹ́ omi, iṣẹ́ mi ni kí n wá ibi tí omi ti ń jò lábẹ́ ilẹ̀. Màá gbé ọ̀pá irin kalẹ̀, màá gbé etí lé e. Tí n kò bá gbọ́ dáadáa, màá máa ti fáàfù tó ń dá omi dúró nínú páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti èyí, tẹ́tí. Ti ìyẹn, tẹ́tí. Ọ̀gá wa a máa sọ pé kí a má bá páìpù jà. Kí a tì í, kí a gbọ́.

Mo sè tíì lónìí, láti inú agolo tí mo fọwọ́ ara mi ṣí. Mo mu ún dé ìdajì kí Kábíyèsí tó dé. Kò rùn. Kábíyèsí jókòó, a to ayò. Mo gbé ife sẹ́nu – atalẹ̀. Ìyàwó kò sí nílé! Mo gbé ife lọ sí ilé ìdáná, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo padà wá jókòó. Atalẹ̀. Mo dìde, mo lọ ṣí fèrèsé. Kábíyèsí ní, "Olómi, o ń rìn bí adìẹ tó fẹ́ yé." Mo jókòó. Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, èémí rẹ̀ gba orí ọpọ́n dráfù kọjá, ó fẹ́ sí mi lójú: atalẹ̀.

Mo ti ti gbogbo fáàfù. Ẹyọ kan ló kù ní ṣíṣí, ó jókòó síwájú mi, ó ń fi ọmọ dráfù jọba.

Ó ní òun fẹ́ tọ̀. Ilé ìtọ̀ wà nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ló máa ń lọ, ó ní ojú ọ̀nà ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀. Mo lọ dúró sí fèrèsé ilé ìdáná.

Ó di igi mú. Ó kúnlẹ̀, orúnkún kan, ó sinmi, orúnkún kejì. Ó ṣí ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń ṣí aṣọ lára ọmọ tó sùn. Ó yọ ṣíbí nínú àpò. Ó gé gbòǹgbò ní ìwọ̀n ìka, ó kó o sápò. Ó fi ewé jíjẹrà bo ojú ihò, ó fọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́.

Pẹ́pẹ́. Bí Ìyá Ọgbà ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́. Òun ló kọ́ Kábíyèsí, nígbà tí awakọ̀ náà máa ń bá a kó ìgbẹ́ màlúù wá fún ọgbà láti ojú ọ̀nà.

Ó wọlé, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Ó ní, "Èmi ló kàn." Mo ní òótọ́ ni. A ta ayò náà parí.

Ọjọ́ Àìkú, ogúnjọ́ oṣù kẹrin

Olè.

Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́. Ó jẹ́ kí n bá Alájá jà. Ó jẹ́ kí n máa wo ọmọ ọlọ́mọ bí apààyàn. Ó jókòó sórí àga mi, ó ń jẹ ọmọ dráfù mi, ilẹ̀ ìyàwó mi wà nínú àpò rẹ̀. Ta ló ń tà á fún?

Ọ̀sán. Mo tún rò ó. Ẹni tó ń ta nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń rùn, kì í ṣe èémí.

Ó ń mu ún ni.

Ìbàdí rẹ̀. "Òun ti mu nǹkan gbígbóná nílé." Sálúbàtà. Kì í ṣe awọ ló sún kì. Ẹsẹ̀ ló wú. Ìyá Ọgbà sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ọkùnrin ilé ìwòsàn yẹn náà wú.

Ó sì béèrè lọ́wọ́ mi! Ó jókòó níbẹ̀, ó béèrè kí ni wọ́n ń fi gbòǹgbò rẹ̀ ṣe, mo ní ewé ẹ̀ṣọ́ lásán. Mo rò pé tí n kò bá sọ, kò sí ẹni tí yóò lè fi pa mí.

Ilẹ̀ ti ṣú. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin

Àgádágodo ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ń fá orí ẹnìkan lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá Omi, ẹ pẹ́ o. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá gbé e lánàá, wọ́n ti lọ sí ìlú ọkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ Bàbá ti wú bí búrẹ́dì inú ààrò." Mo bi í bóyá Kábíyèsí gbé nǹkan lọ. Ó ní ó gbé àpò ewé, ó tún gbé garawa tó kó iyẹ̀pẹ̀ àti ewé tútù sí, ó ní òun á gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé ọmọ òun. Ó ní, "Ó tiẹ̀ fún èmi náà. Ó ní atalẹ̀ igbó ni, ó dára fún ìdí." Ó nawọ́ mú ọ̀rá kékeré kan lábẹ́ dígí.

Mo bi í bóyá ó ti mu ún. Ó ní, "Mo ṣì ń dúró kí ìdí kọ́kọ́ dùn mí ná." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Mo já ọ̀rá náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ ohun tó jẹ́ fún un. Kò gbà mí gbọ́. Ó wò mí bí mo ṣe wo Kábíyèsí láti ojú fèrèsé. Ẹni tí wọ́n ń fá orí rẹ̀ ní, "Àgbàlagbà yìí láhun o."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin

Mo pe Kábíyèsí, ó gbé fóònù. Mo ní mo rí i lábẹ́ igi. Ó ní nígbà ayé Ìyá Ọgbà, kò sí ẹni tó ń ka ewé.

Mo ní kì í ṣe ti ewé. Mo ní gbòǹgbò yẹn ń ba kíndìnrín jẹ́, òun ló wú ẹsẹ̀ rẹ̀, kó má mu ún mọ́.

Ó ní, "Lọ́jọ́ tí mo bi ọ́ ńkọ́?"

Mo ní mo pa á mọ́ ni.

Ó ní, "O pa á mọ́. Ìwọ tí ò ń pa gbogbo nǹkan mọ́. Nígbà tó wà lọ́wọ́ ẹ, ewé lásán ni. Ó dé ọwọ́ tèmi, ó di májèlé. Ìbàdí mi fúyẹ́, Olómi. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀kalẹ̀ lórí bọ́ọ̀sì, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo dìde láìdi ògiri mú. Má wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Ó pa fóònù. Mo pè, mo pè. Kò gbé e mọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹrin

Ọjọ́ dráfù. Mo to ayò, kí ọwọ́ mi má kàn wà lásán.

Ọmọ Kábíyèsí ló pè. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ara, ó béèrè ilé. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, ẹ má pe Bàbá mi mọ́. Tí ẹ bá pè, inú wọn kì í dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí ẹ bá lè sọ iye ewé yín, a ó fi ránṣẹ́ sí yín."

Iye ewé mi!

Mo bi í bóyá wọ́n ti rí dókítà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, dókítà ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù. Ṣé wọ́n sọ fún dókítà ohun tó ń mu? Ó ní Bàbá ní kí òun má sọ ọ́, nítorí àwọn dókítà kì í fẹ́ gbọ́ àgbo sétí. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó da ìkòkò nù lónìí. Ó ní, "Mo ti gbọ́ sà." Ohùn yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ohùn tí mo máa ń fi dá Ìyàwó lóhùn ni, tó bá ní kí n mu tíì mi kó má tutù.

Mo pe Ìyàwó. Mo ní kó máa bọ̀ nílé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin

Ó dé. Mo ní kó jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀: ihò, eérú, ife, sìmẹ́ńtì, ohun tí mo rò sí i. N kò bu iyọ̀ sí i, n kò yọ nǹkan kúrò. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀rọ ìránṣọ mú. Ó ní, "Bàbá, tí mo bá fẹ́ pa yín, ṣebí màá kàn jẹ́ kí ẹ máa mu tíì tí ẹ fọwọ́ ara yín sè ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ti dákẹ́ nígbà yẹn. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ó dùn mí o, Bàbá." Mo ní kó pẹ̀lẹ́. Mo tún ní kó pẹ̀lẹ́.

Ó fa aṣọ tó ń rán mọ́ra. Ó ní fóònù kò lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí, kí n lọ bá ọ̀rẹ́ mi, kí n jókòó síwájú rẹ̀, kó rí ojú mi. Mo ní ọ̀nà náà jìn. Mo ní táyà lè bẹ́. Mo ní awakọ̀ ìwòyí ń sùn lórí ìrìn. Mo ní ta ni yóò máa wo ẹ̀rọ omi? Mo ní tí mo bá dé ibẹ̀ tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi ńkọ́?

Ó ní, "Tí táyà bá bẹ́, Bàbá, ẹ ti rí ohun tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Awakọ̀ ṣáà ni ọ̀rẹ́ yín. Tí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn, ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ to ayò. Á jáde."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹrin

Mo lọ sí ilé ìwòsàn Ìyá Ọgbà láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Mo gbé ọ̀rá onígbàjámọ̀ kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní Ìyá Ọgbà ìbá wà láyé, ìbá nà mí. Ó ní kò sí ẹni tó lè sọ ibi tó bà á jẹ́ dé láìyẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ Kábíyèsí wò, ṣùgbọ́n ife kan tí kò bá mu, èrè ni. Ó kọ orúkọ ewé náà sínú ìwé fún dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, ó fi èdìdì ilé ìwòsàn lù ú. Ó ní kí n má fi í ránṣẹ́, kí n gbé e lọ.

Nígbà tí mo délé, mo lọ sábẹ́ igi. Mo di igi mú, mo kúnlẹ̀ – orúnkún kan, ìsinmi, orúnkún kejì. Mo tún ojú àwọn ihò bò, mo fọwọ́ gbá a. Mo ṣí ewé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òdòdó kan wà níbẹ̀, ó dorí kodò bí ẹni tí wọ́n bá wí. Èèrà ń wọ inú rẹ̀, ó ń jáde.

Ìyàwó yọjú lójú fèrèsé ilé ìdáná. Ó ní, "Bàbá! Kí lẹ̀ ń hú níbẹ̀?"

Dídìde ló wá di iṣẹ́. Òun ló wá fà mí.

Ẹrù mi: ìwé nọ́ọ̀sì nínú àpò àyà, ọpọ́n dráfù, aṣọ méjì. Ìyàwó ra atalẹ̀ gidi lọ́jà fún Kábíyèsí, kí n má bàa dé ibẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo lẹ́yìn tí mo bá gba tọwọ́ rẹ̀. Yóò tún fún mi ní tíì nínú fúláàsì. Mo bi í ohun tó fẹ́ fi sí i. Ó ní, "Ẹ ó mọ̀ tí ẹ bá mu ún." Mo máa mu ún. Alájá ní òun á máa bá wa ṣọ́ abẹ́ igi – òun àti ajá rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ̀rọ omi ṣì ń kán. Kó máa kán.

Wọ́n ní ọkọ̀ àkọ́kọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ọdún gbọọrọ wá, Kábíyèsí ló ń wá bá mi ní ọjọ́ dráfù. Èmi ló kàn. Ọ̀la, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, ni mò ń lọ.